Epo Pupa Lára Irin: Oko Ìbàdàn nínú Ìtàn Òróró Ẹ̀rọ

1. Ìfáárà

Nínú ìtàn òwò epo pupa ní ilẹ̀ Yorùbá, ọṣẹ àti àbẹ́là tí àwọn òyìnbó ń fi epo náà ṣe ni àwọn òpìtàn sábà máa ń tẹnu mọ́. Iṣẹ́ kẹta tí epo yìí ṣe kò gba àfiyèsí tó bẹ́ẹ̀: òun ni wọ́n ń fi sí ara ẹ̀rọ kí irin má baà máa jẹ irin. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ nípa bí iṣẹ́ náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ epo pupa ni pé epo rọ̀bì, tí wọ́n gbẹ́ kànga rẹ̀ ní Titusville, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1859, dínwó jù ú lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Àgbéyẹ̀wò yìí yóò fi hàn pé ohun tí ooru ń sọ epo dà nínú ẹ̀rọ ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú.

2. Láti oko dé èbúté

Lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun tẹ Ìbàdàn dó ní nǹkan bí 1829, oko yí ìlú náà ká níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà wà lónìí. Ọkùnrin ni ó ń fi igbà gun ọ̀pẹ láti kọ ẹyìn. Obìnrin ni ó ń ṣe epo. Wọn a se ẹyìn, wọn a gún un tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, wọn a bomi sí i, wọn a re epo tí ó léfòó, wọn a sì tún un sè kí omi lè gbẹ kúrò nínú rẹ̀. Nínú oko àwọn olóyè, ẹrú ni ó pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní 1874, ní irú oko bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ẹyìn tí wọ́n bá jẹ́ kí ó rà kí wọ́n tó sè é kì í gba agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ a máa kan, ásíìdì a sì pọ̀ nínú rẹ̀. Epo tí ó gba Èkó jáde lórúkọ ní ọjà Liverpool pé ó rọ̀, kò sì kan. Ọwọ́ àwọn obìnrin tí ó tètè se ẹyìn wọn ni orúkọ rere náà ti wá. Orí ni àwọn aláàárù fi ń ru epo náà gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ti Ẹ̀gbá lọ sí Èkó, nígbà tí ogun Ìjàyè (1860–1862) tàbí ti Kírìjì (1877–1893) kò bá dí ọ̀nà.

3. Iṣẹ́ epo lára ẹ̀rọ

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn 1830, wọ́n ń po epo pupa, ọ̀rá màlúù, omi àti sódà pọ̀ di gírísì. Wọn a kó o sínú àpótí tí ó wà lókè irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń bá yí. Gírísì náà a dì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Bí irin bá ti ń yí tí ó sì ń móoru, gírísì a yọ́, a sì máa kán sí i lára. Ooru díẹ̀ yìí gan-an ni ó mú kí epo pupa wúlò.

Nínú ẹ̀rọ tí ń fi oru omi ṣiṣẹ́, ọ̀ràn yàtọ̀. Oru gbígbóná a máa tú ọ̀rá ewéko àti ti ẹran ká di ásíìdì tí ń jẹ irin, ìyókù a sì dì mọ́ra bí àtè. Òróró tí wọ́n yọ láti inú epo rọ̀bì kì í di ásíìdì báyìí. Nítorí náà, bí epo pupa tilẹ̀ dínwó bákan náà, kò lè dúró níbẹ̀.

Ẹ̀rí kan fara hàn bí ẹni pé ó tako èyí. Ní gúúsù Wales, inú epo pupa gbígbóná ni wọ́n ti ń ri páànù irin kí wọ́n tó rì í sínú tánganran yíyọ́, iṣẹ́ yìí sì bá epo náà wọ ọ̀rúndún ogún. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìbòrí ni epo jẹ́: ó ń dènà afẹ́fẹ́ kí irin má baà dípẹtà, wọ́n sì lè máa pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe epo fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó há sáàárín irin méjì.

4. Ìgbà tí ẹ̀rọ dé oko

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Lálúpọn kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìrin-gàrí wọ àwọn abúlé. Òróró inú agolo, tí wọ́n yọ láti inú epo rọ̀bì, ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń lò. Ọmọ àwọn tí ó ti ń pèsè ọ̀rá fún ẹ̀rọ òyìnbó wá di ẹni tí ń rà á.

Òfin ooru náà kò yí padà. Nínú ààrò tí wọ́n ti ń fi tánganran yíyọ́ lẹ ẹ̀yà rédíò àti kọ̀ǹpútà mọ́ pátákó, ṣéènì tí ń gbé pátákó kọjá ń wọ inú ooru tí ó lè súnmọ́ 250°C. Òróró lásán a rú èéfín níbẹ̀, a di àtè, lẹ́yìn náà a di èédú tí yóò dá ṣéènì dúró. Òróró àtọwọ́dá tí ó lè fara da ooru ni wọ́n ń lò.

5. Ìkádìí

Iye owó nìkan kò tó láti ṣàlàyé bí epo oko Ìbàdàn ṣe kúrò lára ẹ̀rọ. Ó pọn dandan láti béèrè irú ẹ̀rọ tí epo ń lọ bá, bí ó ti gbóná tó, àti ọwọ́ tí ó ṣe epo náà. Àkọsílẹ̀ ọjà Liverpool lè sọ iye tí wọ́n ta epo. Ẹkù àti ìkòkò àwọn obìnrin ni yóò sọ ìdí tí ó fi níye lórí.