Ohun Tí Bódìjà Sọ Nù, Kí Mọ́níyà Má Ṣe Sọ Ọ́ Nù

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ìró ńlá kan mi ìlú Ìbàdàn tìtì. Àwọn tí ilé wọn jìnnà sí Bódìjà pàápàá gbọ́ ọ. Ní òpópónà Dejo Oyelese ní Bódìjà Àtijọ́, ilé wó lulẹ̀, òrùlé ṣí, gíláàsì fọ́ yángá. Ó kéré tán, ènìyàn márùn-ún ló kú, àwọn tó fara pa sì lé ní 70. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ fún aráàlú pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ọ̀kan lára àwọn ilé àdúgbò náà.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìbéèrè ìtàn ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: báwo ni ohun tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ṣe dé òpópónà tí ìjọba là sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ àti olùkọ́ lè máa sùn níbẹ̀ ní àlàáfíà? Ìdáhùn rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024.

Ìlú agbo ilé ni Ìbàdàn tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà Ọba, ní Òkè Màpó, ilé fara ti ilé, ọ̀nà ẹsẹ̀ ló sì gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí rélùwéè wọ ìlú ní 1901, òwò bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sí ìhà Dùgbẹ̀ àti Gbági. Àwọn òyìnbó amúnisìn ya ibùgbé tiwọn sọ́tọ̀ ní Àgodi àti Jẹ́ríkò, pẹ̀lú igi olójìji, koríko gígẹ̀ àti títì tó mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn èyí ni yunifásítì dé ní 1948, tí ilé ìwòsàn UCH sì ṣílẹ̀kùn ní 1957. Àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé tó sì ń gba owó oṣù wá ń pọ̀ sí i. Agbo ilé kò gba mọ́tò wọn, ibùgbé òyìnbó kò sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wọn.

Ní 1958, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Láti ọwọ́ àjọ yìí ni Bódìjà ti di èsítéètì. Wọ́n kọ́kọ́ la títì, wọ́n gbẹ́ gọ́tà, wọ́n pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, kí ẹnikẹ́ni tó fi bíríkì lélẹ̀. Ilé kan jókòó láàárín púlọ́ọ̀tì rẹ̀, àyè ṣẹ́ kù níwájú, ó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́ìsì kọ́tà wà lẹ́yìn. Ọgbà òdòdó ló pààlà láàárín onílé kan àti èkejì. Àwọn olùkọ́ yunifásítì, adájọ́, dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló kún ibẹ̀. Olóyè Bọ́lá Ìgè, tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983, wà lára àwọn tó fi Bódìjà ṣe ilé.

Bí a bá béèrè ohun tó mú kí òpópónà wọ̀nyí wu ènìyàn, ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ igi máńgòrò àti ìdákẹ́jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi kò dá hù síbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ kò sì ti ọ̀run já bọ́. Òfin ló bí wọn. Ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba mọ̀ pé ibùgbé ni a fún òun, kì í ṣe ilé ìtajà, kì í ṣe ilé ìkẹ́rùsí. Ó mọ bí ilé rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí títì tó. Òfin yẹn kò hàn sí ojú bí òdòdó ti ń hàn, síbẹ̀ òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹwà tí à ń yìn.

Òfin náà kò kú lọ́jọ́ kan. Ní 1976, wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba sì kó lọ sí Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́. Ní 1991, àwọn mìíràn tún kó lọ sí Òṣogbo. Láti 1986, tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, owó oṣù olùkọ́ yunifásítì kò tó tún òrùlé ṣe mọ́. Àwọn ọmọ gbéra lọ sí òkè òkun, àwọn òbí darúgbó, wọ́n sì papò dà. Ilé kan wá di ti ọmọ márùn-ún tí ẹnì kankan nínú wọn kò gbé Ìbàdàn. Ẹni tó bá lówó jù ló ń yá ilé náà, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Báyìí ni ilé tó kọjú sí títì ńlá ṣe di báńkì, ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gé igi kí mọ́tò lè rí ibi dúró. Ọgbà òdòdó di ògiri gíga tí ó ní wáyà ẹlẹ́gùn-ún lórí.

Èmi kò sọ pé kí ìlú máa wà lójú kan. Ìlú tí kò yí padà, ahoro ni yóò dà. Ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ń fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, owó ilé náà sì ń bọ́ àwọn arúgbó kan. Kí a má sì gbàgbé pé Bódìjà kì í ṣe ilé mẹ̀kúnnù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyípadà náà ṣẹlẹ̀ láìsí ìjíròrò: a kò bi aládùúgbò, òfin ibùgbé kò sì rí ẹni gbèjà rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìwé òfin nìkan tó. Ẹ wo Èkó. Ilé kan wà ní Gbàgede Tinúbú tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, tí ìdílé Fernandez, ọ̀kan lára àwọn ìdílé Àgùdà, kọ́ ní 1855. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ààbò òfin wo ló tún ju ìyẹn lọ? Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Òfin tí kò ní olùṣọ́, àlá lásán ni.

Olùṣọ́ àkọ́kọ́ ni aládùúgbò. Àwọn bàbá wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní agbo ilé àtijọ́, àlejò kò lè wọlé kí baálé má mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní Bódìjà ìgbà ìwásẹ̀, òfin àjọ náà ló rọ́pò ojú baálé. Nígbà tí a pàdánù méjèèjì, ògiri gíga nìkan ló kù, ògiri kò sì lè sọ fún ni ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún àwa ará Mọ́níyà ni pé kàn-ń-kàn ti kàn wá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó wá sí ọ̀dọ̀ wa, orúkọ Awólọ́wọ̀ kan náà ni wọ́n sì fi sọ ibùdókọ̀ tó wà níbí. Ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti dán. Oko ń di púlọ́ọ̀tì lójoojúmọ́. Àmọ́ ibi tí Bódìjà ti la títì kí ó tó kọ́lé, àwa ń kọ́lé tán kí a tó wá títì. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń mọ ògiri sórí ojú àgbàrá.

Kò tíì bọ́ sórí. Kí àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń ta ilẹ̀ fi ọ̀nà tó gba mọ́tò méjì sílẹ̀, kí wọ́n sì dá ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti pápá ìṣeré sí. Kí ẹgbẹ́ onílé mọ ẹni tó gba ilé àti iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé máa bẹ ilé wò nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kun àmì pupa sára rẹ̀ nìkan. Ibi tí a bá ti ń wo olókùnrùn la ti ń wo ara ẹni. Bódìjà ṣì ní igi díẹ̀ àti òpópónà díẹ̀ tó ṣeé gbà là. Ní tiwa, a kò tíì gbin igi rárá.