Láti Ojú Ààrò dé Ìdí Sílíńdà: Ìtàn Ohun Ìdáná ní Ìlú Festac àti Amuwo-Ọ̀dọ̀fin

Bí a bá ń sọ ìtàn Ìlú Festac, àjọ̀dún 1977 ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń dúró lé lórí. Yàrá ìdáná kì í sábà wọ inú ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìyípadà tí ó kan ìgbé ayé ojoojúmọ́ jù lọ ti ṣẹlẹ̀.

Ilẹ̀ Àwórì ni agbègbè yìí kí ìjọba àpapọ̀ tó kọ́ ìlú tuntun sí i. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ abúlé Yorùbá, ààrò kì í bá yàrá ìbùsùn gbé pọ̀. Ẹ̀yìnkùlé tàbí ilé ìdáná tí ó dá dúró ni àyè rẹ̀. Èéfín pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni ó ń gbẹ ẹja àti àgbàdo orí àjà, tí ó sì ń lé kòkòrò. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń fẹ́ná ni ó ń fa èéfín náà símú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bí 3,200,000 ènìyàn ní àgbáyé ní 2020.

Ní 1973 ni ìjọba dá Federal Housing Authority sílẹ̀, a sì kọ́ Ìlú Festac láti gba àwọn àlejò àjọ̀dún tí ó wáyé láti 15 oṣù Kìíní sí 12 oṣù Kejì, 1977. Lẹ́yìn náà ni a pín àwọn ilé náà fún ará ìlú. Nínú fúláàtì alájà púpọ̀, ẹni tí ó bá gbé igi gun àtẹ̀gùn yóò ti bá ará òkè jà kí omi rẹ̀ tó hó. Nítorí náà, kì í ṣe òfin ni ó kọ́kọ́ lé ààrò jáde bí kò ṣe bí a ti kọ́ ilé. Sítóòfù kẹrosíìnì ni ó jogún àyè rẹ̀.

Gáàsì pẹ́ kí ó tó wọlé, ohun tí ó fà á sì yẹ fún àròjinlẹ̀. Láti ìgbà tí a ti rí epo ní Oloibiri ní 1956 ni a ti ń rí gáàsì pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n sísun ni a ń sun púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù. Iléeṣẹ́ NLNG ní Bonny bẹ̀rẹ̀ sí kó gáàsì lọ sí òkè òkun ní 1999. Ó di 2007 kí ó tó máa pèsè gáàsì ìdáná fún ọjà ilé. Ọmọ onílé jẹun lẹ́yìn àlejò. Nígbà tí iye náírà 50 tí ìjọba fi lé lítà kẹrosíìnì kan sì dópin ní 2016, ìdí tí a fi ń dúró ti sítóòfù dín kù.

Ewu gáàsì yàtọ̀ sí ti igi. Igi ń fi èéfín kéde ara rẹ̀. Gáàsì kò ní àwọ̀, òórùn tí a ń gbọ́ jẹ́ ohun tí a pò mọ́ ọn. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń sùn sí bí ó bá jò. Fèrèsé òkè nìkan kò lè kó o jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹta, 2020, ìbúgbàù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Adó, ní Amuwo-Ọ̀dọ̀fin. Àlàyé NNPC ni pé ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlu àwọn sílíńdà tí a tò jọ sí ibùdó gáàsì kan nítòsí ọ̀pá epo. Ó ju 20 ènìyàn lọ tí ó kú, ọ̀pọ̀ ilé sì wó. Ilé ẹ̀kọ́ Bethlehem Girls College bàjẹ́ pátápátá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Rev. Sister Henrietta Alokha, kú níbi tí ó ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde. Àwọn kan fi èyí bú gáàsì. Ẹ̀bi náà kò dúró síbẹ̀. Bí àlàyé yẹn bá tọ̀nà, ibi tí a tò wọ́n sí ni ó sọ wọ́n di àjálù: ọ̀pá epo, ibùdó gáàsì àti ilé ẹ̀kọ́ ń bá ara wọn pín ààlà ní agbègbè tí ilé kíkọ́ ti sáré ju ètò lọ.

Ìrìn àjò náà kò sì lọ tààrà. Ní 2024, kílò gáàsì kan kọjá 1,000 náírà ní Èkó, ọ̀pọ̀ ìdílé sì padà sídìí èédú. Ẹni tí ó bá gbé àdògán sí bákónì ní Festac ti dá ìjà ará òkè padà.