Dókítà Tó Wọ Awo Olóde

Ẹ ti rí irú fíìmù yìí rí, kódà bí ẹ ò bá rántí orúkọ ẹ̀. Ẹnì kan yọ́ gbé ìgò kékeré kan jáde ní láàbù. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọsibítù fi kún, tí ọjà dá, tí pápá ọkọ̀ òfuurufú pa lọ́lọ́. Dókítà kan tó lágídí wá ń sá sókè sá sódò títí ó fi mọ̀ pé àìsàn yẹn ò ṣàdédé dé, pé ọwọ́ èèyàn ló tì í jáde. Níkẹyìn á pa ara dà, á wọ àárín àwọn ọ̀tá lọ.

Àwa náà ní irú ìtàn yẹn nílẹ̀ Yorùbá, ó sì ti lé ní ọgọ́fà ọdún. Ẹ̀pẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, ní 1897. Kò sí láàbù ńbẹ̀, kò sí ìgò. Orúkọ dókítà náà ni Oguntola Sapara.

Freetown ni wọ́n bí i sí ní 1861. Alexander Johnson Williams ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú tó sì padà gba òmìnira. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n pa orúkọ méjèèjì pọ̀, àbúrò ní tiẹ̀ ju ti òyìnbó nù pátápátá. Ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní London àti ní Scotland, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó ní 1896. Ẹni tó mọ ewé àti egbòogi wa dáadáa ni, kì í ṣe irú dókítà tó máa ń fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú oníṣègùn ìbílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí á wúlò níwájú.

Kí la ń pè ní Olóde gan-an? Àwa tí a dàgbà ní Ìbàràpá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ju bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ lọ. Àrùn náà ni ìgbóná, òrìṣà tó ni ín ni Ṣànpọ̀nná, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè ò ní pe orúkọ yẹn, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn bá mú. Wọ́n á ní Olóde. Wọ́n á ní Ọbalúayé. Wọ́n á kàn ní ilẹ̀ ń gbóná, gbogbo ilé á sì ti yé. Àrùn yẹn ò ṣeé fi ṣeré: nínú ẹni mẹ́wàá tí irú èyí tó le jù bá mú, bíi mẹ́ta ló ń kú, àwọn tó yè á sì gbé ojú oníhò kiri títí ayé wọn. Ẹlòmíì á fọ́jú.

Orúkọ kan tún wà tó máa ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìyókù lọ: Alápadúpẹ́. Ẹni tó pa ọ́ léèyàn, tí o gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ìgbóná bá pa ọmọ ẹ, o ò gbọ́dọ̀ sunkún, o ò gbọ́dọ̀ ṣọ̀fọ̀, ńṣe ni wàá yin Baba. Ìwọ kọ́ lo máa sin òkú náà. Àwọn àwòrò Ṣànpọ̀nná ni wọ́n máa wá gbé e, wọ́n á gba owó ètùtù, ẹrù olóògbé sì di tiwọn: aṣọ ẹ̀, ẹní ẹ̀, ohun tó bá fi sílẹ̀. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ó bọ́gbọ́n mu lápá kan. Aṣọ àti ẹní olókùnrùn léwu, ó sàn kí ẹni tó ti ṣe àìsàn náà rí, tí kò sì lè mú mọ́, wá kó o kúrò. Àmọ́ ẹ tún wo apá kejì: àwọn tó ń jẹ ogún òkú náà ni wọ́n tún ní agbára láti halẹ̀ pé Olóde máa bá ọ jà.

Ibi tí Sapara ti wọlé nìyẹn. Nígbà tí ìjọba gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó wọ awo àwọn olùsìn náà láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó bá wá. Ohun tó ní òun rí ńbẹ̀ ni pé àwọn àwòrò kan máa ń họ èépá àti omi egbò lára ẹni tí ìgbóná ń ṣe lọ́wọ́, wọ́n á sì fi í kó o ran ẹlòmíì. Ó jáde, ó sọ ọ́ fún ìjọba, kò sì yéé sọ ọ́. Láàárín 1900 sí 1920, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìsìn Ṣànpọ̀nná. Wọ́n fún Sapara lóyè Imperial Service Order ní 1923. Ó kú ní 1935.

Ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe dáadáa. Inú èépá yẹn ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbé. Ẹni tó bá kó o ò ní mọ̀ ọ́n lára fún bí ọjọ́ méjìlá, lẹ́yìn náà ni ibà á gbé e dè. Ẹ wá rò ó wò: àwòrò kan bínú kúrò nílé yín lónìí, ó ní Baba máa bẹ̀ yín wò. Ọjọ́ méjìlá kọjá, kò sẹ́ni tó rántí pé ó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lójú gbogbo àdúgbò, òrìṣà ló mú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹ.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ ká gbé ìtàn yìí mì bẹ́ẹ̀ yẹn. Kóòdù ni mo ń kọ jẹun. Tí nǹkan bá bàjẹ́ lórí sáfà, a máa ń lọ ka log, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ kọ nípa ohun tó ṣe. Tó bá jẹ́ log ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la rí, a kì í tíì dájọ́. Lórí ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀. Àwọn àwòrò ò kọ ìwé sílẹ̀ fún wa. Ìjọba tó sì gbọ́ ẹ̀sùn náà ò nílò ká bẹ̀ ẹ́ kó tó fòfin de ẹgbẹ́ awo tí aráàlú ń bẹ̀rù ju ajẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi wé Fort Pitt, ní Amẹ́ríkà, ní June 1763, níbi tí àwọn òyìnbó ti fún àwọn aṣojú ẹ̀yà Delaware ní kúbùsù méjì àti áńkáṣíìfù kan láti ọsibítù àwọn olóde. William Trent, tó wà ńbẹ̀, fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ẹ̀ pé àwọn retí kó ṣiṣẹ́. Ìyẹn ò nílò amí kankan.

Ohun kejì tó ń dà mí láàmú ni èépá yẹn gan-an. Ní Boston, ní 1721, ìgbóná ń pa wọ́n bí ẹran. Ẹrú kan tó wá láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Onesimus ni wọ́n ń pè é, ti sọ fún ọ̀gá ẹ̀, Cotton Mather, pé wọ́n ti ṣe nǹkan kan fún òun nílé kí ìgbóná má bàa mú òun: wọ́n á fi omi egbò olókùnrùn sínú gbẹ́rẹ́ tí wọ́n sín sí apá ẹni tí ara ẹ̀ le, á ṣàìsàn díẹ̀, á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Dókítà Boylston dán an wò. Nínú bí 240 tó ṣe é fún, 6 kú. Nínú àwọn tó lé ní 5,800 tó kó o fúnra wọn, 844 kú. Ọgbọ́n yìí ti wà ní Áfíríkà, ní Turkey àti ní India kí Jenner tó gbé tiẹ̀ dé ní 1796.

Nítorí náà, èépá kan náà lè jẹ́ àjẹsára, ó sì lè jẹ́ ohun ìjà. Ẹni tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún lè yè tán kó sì ran ará ilé ẹ̀, tí tiwọn á sì le. Ṣé gbogbo ohun tí Sapara rí ló jẹ́ ìkà? Lójú tèmi, méjèèjì ló wà ńbẹ̀. Mo gbà á gbọ́ pé ó rí ìkà, torí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún egbòogi ìbílẹ̀ bíi tiẹ̀ ò ní ṣàdédé purọ́ mọ́ àwọn àwòrò, ogún òkú sì tó ohun tó lè mú èèyàn ṣe é. Àmọ́ òfin ìjọba ò ya oníkà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń sín gbẹ́rẹ́ nítorí ìwòsàn, ìyẹn sì dùn mí.

Òfin yẹn ò lé ìgbóná lọ o. Àwọn olùsìn ń bọ òrìṣà wọn ní bòókẹ́lẹ́, àrùn náà sì ń pa èèyàn fún bí àádọ́ta ọdún sí i. Abẹ́rẹ́ ló lé e lọ. Ní December 1966, lágbègbè Ògójà, abẹ́rẹ́ ò tó fún gbogbo ìlú, ni dókítà míṣọ́nnárì kan, William Foege, bá ní ká wá ibi tí olókùnrùn wà kíákíá, ká sì gún gbogbo ẹni tó yí i ká. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n wá lò káàkiri ayé. Nàìjíríà rí ti ìkẹyìn ní 1970, ní May 1980 sì ni WHO kéde pé ó ti tán láyé.

Ó tán, àmọ́ wọn ò dà á nù. Ibi méjì ló ṣì wà nínú fìríìsà: CDC ní Atlanta, àti láàbù Vector ní Koltsovo, ní Rọ́ṣíà. Ken Alibek, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ètò ohun ìjà alárùn ti Soviet, sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1992, ó sì sọ pé àwọn ti ń fi ìgbóná ṣe ohun ìjà nígbà tí ayé ṣì ń jó pé ó ti tán. Lẹ́yìn 2001, tí ẹ̀rù àwọn apániláyà gba gbogbo ayé, àwọn onímọ̀ ìṣirò fẹ́ mọ bó ṣe máa tàn ká tí ẹnì kan bá tú u sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ wo ni wọ́n padà sí? Ti Abakaliki, ọdún 1967: èèyàn 32 ló mú, 30 nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Faith Tabernacle tí wọn ò gba abẹ́rẹ́. Èèyàn 32 láti ìlú kan ní Nàìjíríà ló wà nínú kóòdù tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fi ń ro ọjọ́ burúkú wọn.

Nígbà tó tán, wọ́n dá abẹ́rẹ́ ẹ̀ dúró. Àwọn àgbà ní Igbó-Ọrà àti Ẹ̀rúwà ṣì ní àpá ẹ̀ lápá. Àpá kékeré tó wà ní apá àwa tí a kò tíì pé ogójì ọdún, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, kò kan ìgbóná rárá. Wọ́n sì ka àìsí àjẹsára yẹn mọ́ ìdí tí mpox, tó jẹ́ ìbátan ìgbóná, fi padà sí Nàìjíríà ní 2017 lẹ́yìn bí ogójì ọdún tí a ò rí i.

Ní CDC kan náà yẹn ní Atlanta, ère Ṣànpọ̀nná wà ní mùsíọ́ọ̀mù wọn: igi tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n so owó ẹyọ, ìṣó àti agbárí ọ̀bọ mọ́. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ló ṣe é. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò ẹ̀. Àjọ yẹn kan náà ló tọ́jú fáírọ́ọ̀sì ẹ̀ sínú yìnyín.