Pàkúté Tó Tú Àṣírí Ibà Lassa

Ní oṣù kìíní ọdún 1969, àìsàn gbé Laura Wine dè ní Lassa, ìlú kékeré kan lápá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ náà kú. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé dé New York, òun ló yè é. Nígbà tó yá, àìsàn náà mú Jordi Casals, ẹni tó ń yẹ fáírọ́ọ̀sì yìí wò ní Yale. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára tó fi yè.

Wọ́n ti wá mọ apànìyàn, ṣùgbọ́n níbo ló ń gbé? Àyàfi kí wọ́n lọ dẹ pàkúté.

Ní 1972, ibà náà bẹ́ sílẹ̀ ní Panguma àti Tongo, ní Sierra Leone. Thomas Monath àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dẹ eku níbẹ̀. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò dẹ pàkúté mọ sí ilé aláìsàn nìkan. Bí o bá mú eku nílé aláìsàn, tí o kò mọ èyí tó wà níbòmíràn, kí lo fẹ́ fi wé e? Eku kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti dá mọ̀, kí wọ́n tó mú nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Iṣẹ́ ẹlẹ́mìí méjì ni, nítorí kò tíì sí oògùn ibà náà nígbà yẹn.

Mastomys natalensis ni wọ́n bá fáírọ́ọ̀sì náà lára rẹ̀, eku inú ilé tí orí ọmú rẹ̀ lè tó 24. Ìwé ìròyìn Science gbé e jáde ní 1974. Ibà náà kì í dá eku yìí wó. Ìtọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e dórí oúnjẹ wa.

Àwọn bàbá wa tó ń fi ẹyìn dẹ ẹbìtì mọ ẹ̀lírí yàtọ̀ sí asín, wọ́n mọ ẹdá yàtọ̀ sí ẹmọ́. Èmi ńkọ́? Eku ni gbogbo wọn lójú mi, títí mo fi ka ìtàn yìí.

Lónìí, ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà náà ti ń jà jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń gba ìtọ́jú. Gààrí tí à ń rẹ mu ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ṣé a tiẹ̀ ti bi ẹni tó tà á fún wa rí, ibi tó sá a sí?