Èsúsú: bí owó kéékèèké ṣe ń ra odindi àpò

Ọ̀rọ̀ owó ọbẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí, owó tí ìyá ilé ń mú lọ sọ́jà. Ìtàn ni a ó sì fi sọ ọ́, nítorí pé ọgbọ́n tí a fẹ́ tọ́ka sí ti wà lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ orúkọ báǹkì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọjà ná. Lóṣù kẹfà, kí àgbàdo tuntun tó yọ, àgbàdo máa ń gbówó lórí. Ìyá kan mú owó tí ó rí lónìí wá, ó ra abọ́ kan. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ó tún wá, ó tún ra abọ́ kan. Ìyá kejì kò wá rárá. Àpò tí ó rà nígbà ìkórè, nígbà tí àgbàdo pọ̀ bí ilẹ̀, tí ó sá gbẹ dáadáa kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, ṣì ń bẹ nínú àká rẹ̀. Ọ̀kan náà ni òkèlè tí àwọn ọmọ wọn ń jẹ, ṣùgbọ́n owó tí àwọn ìyá wọn san kì í ṣe ọ̀kan. Ta ló san jù? Ẹni tí kò ní ni. Bẹ́ẹ̀ ni epo, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọṣẹ: ẹni tó ń rà á ní wẹ́wẹ́ ló ń rà á wọ́n.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó ń ra abọ́ kọ̀ọ̀kan kò mọ owó ná, pé àpà ni. A kò gbà. Bí ẹ bá ka owó tí ó ná láti ọdún dé ọdún, ó lè ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Ohun tí kò ní ni owó tó dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lásìkò tí ọjà rọ̀. Àìsàn yìí gan-an ni èsúsú wá wò.

Ká sọ pé ìyá 12 kó ara wọn jọ. Lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù dá 1.000 fráǹkì. Owó náà di 12.000 fráǹkì, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ ọjà kejì ó kan ẹlòmíràn, títí gbogbo wọn yóò fi kó o tán. Ní ìparí, 12.000 ni olúkúlùkù dá, 12.000 náà ló sì gbà. Kò sí ẹni tí fráǹkì kan ṣoṣo lé lọ́wọ́ rẹ̀. Èsúsú kì í bí owó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó tún padà dé ibẹ̀.

Owó ẹyọ ni àwọn àgbà fi bẹ̀rẹ̀ èsúsú. Láti àwọn erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni ẹyọ kéékèèké náà ti ń wá. Àwọn òyìnbó ń fi ọkọ̀ kó o dé Ouidah àti àwọn èbúté yòókù, wọ́n sì ń fi ra ènìyàn. Bí a ṣe ń ka owó ẹyọ náà ni a ṣe ń ka nǹkan ní èdè wa títí dòní. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn márùn-ún jẹ́ igba. Igba mẹ́wàá jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20.000 ẹyọ, àpò ni wọ́n sì ń dì í sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣirò, nígbà tí ẹ bá pe "ọ̀kẹ́ kan", àpò owó àwọn baba yín ni ẹ ń pè yẹn.

Ẹni tó fẹ́ ra ohun tó tó ọ̀kẹ́ kan ńkọ́, tí kò rí ju okùn kan lọ lọ́jọ́ ọjà? Bí ó bá ń fi í sínú ìkòkò nílé, àìsàn ọmọ lè kó o, àlejò lè kó o, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ sì lè kó o. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbé e lọ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Owó tí ó bá ti kúrò nílé kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́.

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ èdè wa sílẹ̀ rí àṣà yìí. Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù, fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún 19. Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, tún ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní èsúsú ló ń jẹ́ kí tálákà lè ṣe ohun tí ó gba owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá alábọ́ àgbàdo wa nìyẹn.

Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ William Bascom, tí ó ti gbé Ifẹ̀ láti kọ́ nípa àwọn ènìyàn wa, kọ ọ̀rọ̀ gígùn lórí èsúsú ní 1952. Nínú èsúsú ńlá, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kì í mọ ara wọn. Wọ́n máa ń pín in sí ọ̀nà ọ̀nà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀ tí ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ojú àti ní ilé, òun ni yóò sì dáhùn bí ẹnì kan bá sá. Ohun tó ń ṣọ́ owó náà kì í ṣe àgádágodo. Ojú ni, ojú tí ẹ ó tún fi rí ara yín lọ́la lójú odò.

Àṣà náà tilẹ̀ la òkun kọjá. Àwọn Yorùbá tí wọ́n tú sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní Sàró, tí wọ́n sì kó lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad láti 1841, wà lára àwọn tó gbé e débẹ̀. Susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí dòní, asue ni wọ́n ń pè é ní Bahamas. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbàgbé èdè, wọn kò gbàgbé èsúsú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti àárín ọ̀rúndún 19 ni àwọn oníṣòwò Jámánì àti Faransé ti rí irú ẹyọ mìíràn ní etí òkun Zanzibar, tí kò wọ́n rárá. Wọ́n kó o wá rẹpẹtẹ láti fi ra epo pupa. Owó wá pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ dín kù. Ohun tí ọ̀kẹ́ kan ń rà nígbà àwọn baba ńlá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rà á mọ́ nígbà àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, ní 1899 wọ́n sì gbé owó-orí kalẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ́fíìsì ìjọba kò fi gba owó ẹyọ mọ́, fráǹkì ni wọ́n ń béèrè. Ní Tógò, owó Jámánì ni ìjọba ń lò kí ogun 1914 tó lé Jámánì lọ. Ẹni tó ní ìkòkò ẹyọ nílẹ̀ rí i pé ìkarahun lásán ni òun ní. Èsúsú kò kú. Ó bọ́ aṣọ ẹyọ sílẹ̀, ó wọ aṣọ fráǹkì.

Ẹ jẹ́ ká fò dé ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ojú rí. Ní 1988 àti 1989, báǹkì ìjọba mẹ́ta ní Benin wó lulẹ̀. Ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ lọ béèrè, wọ́n ní kò sí. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgba owó. Lára ìnira yẹn ni Àpérò ńlá oṣù kejì 1990 ti jáde wá. Ní gbogbo àkókò náà, èsúsú àti àjọ, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní tontine, ń lọ ní tirẹ̀ lábẹ́ igi ọjà. Ẹ má ṣe pa àwọn méjèèjì pọ̀ o. Èsúsú ń yí ká láàárín yín, àjọ sì jẹ́ ti alájọ tó ń wá gba owó lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́, tí yóò kó o fún yín lópin oṣù, tí yóò sì mú owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Bí alájọ bá sá, kò sí ẹlòmíràn tí ẹ ó bi léèrè.

Ọdún 1994 ló wá fi ibi tí èsúsú fúnra rẹ̀ ti rọ̀ hàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún náà, ní Dakar, wọ́n kéde pé agbára fráǹkì sefa wa ti dín kù. 50 sefa ló ń jẹ́ fráǹkì Faransé kan tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó di 100. Ìrẹsì, wàrà, ìyẹ̀fun àti oògùn tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí lójijì. Ẹ wá ronú kan èsúsú oníyàwó 12 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lóṣù kọkànlá 1993, tí ẹnì kan ń kó lóṣù kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kó owó tó lágbára. Àwọn mẹ́wàá yòókù kó iye kan náà, kò dín ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò ra ohun kan náà mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹyọ Zanzibar ló tún ṣẹlẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó ja ẹnikẹ́ni lólè nínú wọn, síbẹ̀ àwọn tó kó kẹ́yìn pàdánù.

Nítorí náà, lójú tiwa, èsúsú oúnjẹ kò yẹ kí ó gùn. Ọjọ́ ọjà dára ju oṣù lọ. Ẹni tó bá sì kó tirẹ̀, kí ó yára sọ ọ́ di nǹkan tí ó rọ̀ lọ́jà lásìkò náà. Kò pọn dandan kí gbogbo yín ra àgbàdo. Ẹni tí tirẹ̀ bọ́ sí oṣù kẹta lè ra agolo epo, nítorí ìgbà náà ni ẹyìn ń pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bọ́ sí oṣù kẹjọ lè ra àgbàdo. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ lè ra iṣu. Ìyá méjì tí wọ́n fọkàn tán ara wọn tilẹ̀ lè pín agolo àti àpò láàárín ara wọn. Ní ti owó èsúsú tí a kó, tí a fi ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ìnáwó òkú ẹni tí a kò mọ̀ dáadáa, tí a wá ń yá àgbàdo lóṣù kẹrin, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ ohun tí a ń sọ.

A ní a ó padà dé ibì kan: èsúsú kì í bí owó. Ní 2010, àwọn kan ní Benin, lábẹ́ orúkọ ICC Services, ti ṣèlérí èlé ńlá fún ẹnikẹ́ni tó bá kó owó wá. Owó àwọn tó ń dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san fún àwọn tó ti wà níwájú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló pàdánù nígbà tí ó dojú dé. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé èsúsú òun ń bí owó, ẹ béèrè ibi tí ọmọ náà ti ń wá. Kí ẹ sì kó ọwọ́ yín sápò.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé. Láyé àtijọ́, orí ni olórí èsúsú fi ń pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ti mọ ìwé kọ báyìí. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́. Ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́ ọjà ní ọwọ́ òsì, orúkọ gbogbo yín tẹ̀ lé e, iye tí olúkúlùkù dá, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tó kó. Kí ẹni náà kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo yín, bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n kọ, kí ó tẹ ìka. Ẹ ka ojú ìwé náà sókè kí ẹ tó tú ká. Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.