Oyè Aláwẹ́ Méjì: Ìtàn Bí Ẹ̀kọ́ Òwò àti Ẹ̀kọ́ Ìwé Ìròyìn Ṣe Pàdé

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún ìkẹyìn máa ń bi àwa olùkọ́ Yorùbá, tí ìdáhùn rẹ̀ kì í sì í tètè yá wa lẹ́nu. Wọn a ní iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó wu àwọn láti kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n òwò ni àwọn òbí àwọn ní kí àwọn lọ kọ́. Ṣé kò sí ibi tí ènìyàn ti lè kọ́ méjèèjì pọ̀, kí ó sì gba oyè kan ṣoṣo lé wọn lórí ni? Ó wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì tí ó gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti so ẹ̀kọ́ òwò àti ẹ̀kọ́ ìgbéròyìnjáde pọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì. Oyè aláwẹ́ méjì ni a óò máa pe irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí obì gbànja ni ó rí: awẹ́ méjì, obì kan.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gbà pé àṣà òde òní ni èyí, wọ́n sì máa ń fi òwe dá ọmọ náà lóhùn pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. A kò bá wọn jiyàn lórí òwe, ṣùgbọ́n a rò pé wọn kò lò ó síbi tí ó yẹ. Àríyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ kí a kọ́ òwò àti ìròyìn pọ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí a bá sì wo ìtàn àwọn ìwé ìròyìn tí ó jáde ní ilẹ̀ Yorùbá, a óò rí i pé eku kan náà ni àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀ ń lé. Ẹni tí ó bá di orí rẹ̀ mú tí ó jọ̀wọ́ ìrù, eku náà a bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Pulitzer àti Eliot

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni àríyànjiyàn náà ti gbóná jù. Ní ọdún 1869, Robert E. Lee, tí ó jẹ́ olórí Washington College ní ìpínlẹ̀ Virginia, dábàá pé kí wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní ọdún kan náà ni ó dábàá pé kí wọ́n máa kọ́ ẹ̀kọ́ òwò níbẹ̀. Lee yìí náà ni ọ̀gágun tí ó jà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ń kó ẹrú nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, nítorí náà a kò dárúkọ rẹ̀ láti yìn ín. Ìtàn ni a ń sọ. Ó kú ní 1870, àbá méjèèjì kò sì rí ẹsẹ̀ fi múlẹ̀.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ sùn sábẹ́ òrùlé kan ní tòótọ́ ni Yunifásítì Pennsylvania. Wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ òwò kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1881, tí à ń pè ní Wharton. Ní 1893, Joseph French Johnson, ẹni tí ó ti kọ ìròyìn nípa owó àti òwò fún ìwé ìròyìn kan ní Chicago, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Wharton ní iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó sì ń bá a lọ títí di 1901. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí èyí dáadáa: inú ilé-ẹ̀kọ́ òwò ni ẹ̀kọ́ ìwé ìròyìn ti rí ààyè. Kò sí ẹni tí ó sọ nígbà náà pé eku méjì ni wọ́n ń lé.

Ìjà dé ní 1903. Joseph Pulitzer, tí ó ni ìwé ìròyìn *World* ní New York, fẹ́ fi mílíọ̀nù méjì dọ́là dá ilé-ẹ̀kọ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Yunifásítì Columbia. Columbia yìí kan náà ni ó ti kọ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1892. Charles Eliot, tí ó jẹ́ olórí Yunifásítì Harvard, kọ ìlànà ẹ̀kọ́ kan tí ó rò pé ó yẹ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí a ṣe ń kọ ìròyìn, yóò kọ́ òfin àti ìwà tí ó yẹ oníṣẹ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n yóò tún kọ́ bí a ṣe ń darí ọ́fíìsì, bí a ṣe ń ta ìwé ìròyìn, bí a ṣe ń gba ìpolówó ọjà, àti ohun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tádàwá àti bébà ń náni.

Pulitzer kọ̀ jálẹ̀. Nínú àròkọ gígùn kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1904, ó ṣàlàyé pé ire ará ìlú ni iṣẹ́ ìwé ìròyìn wà fún, kì í ṣe èrè, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ tí òun yóò fi owó òun dá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìdí òwò. Ọ̀rọ̀ yìí pani lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé ọ̀jáfáfá nínú títa ìwé ìròyìn ni Pulitzer fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti ra *World* ní 1883 ni ó ti ń fi àkọlé ńláńlá àti ìròyìn tí ń ru ènìyàn sókè fa àwọn òǹkàwé mọ́ra. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tí iná ti jó rí ni ó mọ bí iná ṣe ń gbóná. Ó mọ ohun tí owó lè fi ojú òtítọ́ rí.

Pulitzer kú ní 1911. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí ní 1912, èrò tirẹ̀ ni ó sì borí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, ní 1908, Walter Williams ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìwé ìròyìn ní Yunifásítì Missouri, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé ìwé ìròyìn gidi jáde láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ojú ọ̀nà méjì ni ayé ń tọ̀ láti ìgbà náà wá: àwọn tí ń sọ pé kí a ya gègé kúrò lára owó, àti àwọn tí ń sọ pé ẹni tí kò mọ iye tí gègé ń náni yóò jí lọ́jọ́ kan, kò ní rí gègé mọ́.

Àwọn Oníwèé Ìròyìn Tiwa

Àwọn ará ibí kò sí níbẹ̀ nígbà tí Pulitzer àti Eliot ń jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ni àwọn baba wa ń fi ojú rí ní Èkó àti Ìbàdàn. *Ìwé Ìròyìn* tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859 kò kú ikú owó. Rògbòdìyàn Ìfọ́lé 1867 ni ó pa á. Síbẹ̀, ìwé ìjọ Ọlọ́run ni, a sì ń tà á ní 120 owó ẹyọ. Ọjà wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni Richard Beale Blaize. Ọmọ Sàró ni, Freetown ni wọ́n ti bí i ní 1845. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó kọ́ kí ó tó kó wọnú òwò ní Èkó, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ ńlá ìlú náà. Ní 1880, ó dá *Lagos Times* sílẹ̀. Òwò rẹ̀ ni ó ń bọ́ ìwé ìròyìn náà. Ó dá a dúró ní 1883, ó sì tún gbé e dìde ní 1890. Ẹni tí ó gbà láti máa bá a ṣe ìwé owó ni John Payne Jackson, ọmọ ilẹ̀ Làìbéríà tí òun náà ti ṣòwò rí. Nígbà tí ọ̀nà àwọn méjèèjì yà, Jackson dá *Lagos Weekly Record* tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1891. Òun kú ní 1915, ọmọ rẹ̀, Thomas Horatio, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì wà títí di 1930. Bí ọgbọ̀n ọdún ó lé mẹ́sàn-án ni ìyẹn. Nínú àwọn ìwé ìròyìn Èkó ìgbà náà, mélòó ni ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Akọ̀wé-owó ni ó dá a sílẹ̀.

Ní 1903, ọdún kan náà tí Eliot kọ ìlànà rẹ̀, ìjọba Èkó ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìwé ìròyìn jáde gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé onídùúró £250. Ìyẹn ni pé kí a tó bi olóòtú léèrè ohun tí ó fẹ́ kọ, a ti bi í léèrè ohun tí ó ní.

Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tí ó yọjú lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní ni ó kàn wá jù. *Èkó Àkéte* ti Adéoyè Dẹ́nígà jáde ní 1922, *Ẹlẹ́tí Ọfẹ* ti E. A. Akíntàn ní 1923, *Yorùbá News* ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924. *Akéde Èkó* ti I. B. Thomas náà sì tẹ̀ lé wọn kí ọdún 1928 tó parí. Ẹni tí ó bá ka àwọn ìwé ìròyìn wọ̀nyí yóò rí i pé àwọn olóòtú wọn kò sinmi láti máa bẹ àwọn oníbàárà tí ó ń gba ìwé tí wọn kò sanwó. Nígbà mìíràn ẹ̀bẹ̀ ni, nígbà mìíràn èébú ni. Àwọn tí ó kọ èdè Yorùbá tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe aláìmọ̀wé. Gbèsè tí ó wà níta ni kò jẹ́ kí wọ́n fọkàn balẹ̀ kọ̀wé. Ọbasá ní ilé-ìtẹ̀wé tirẹ̀. Inú *Yorùbá News* ni ó ti ń tẹ àwọn ewì tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa lónìí kí ó tó kó wọn jọ sínú ìwé. Bí kò bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, a kò mọ̀ bóyá à bá ní àwọn ewì náà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Ṣẹ̀gilọlá sì wà níbẹ̀. Láti oṣù Keje 1929 títí di oṣù Kẹta 1930, *Akéde Èkó* ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó ní òun ti fi ayé òun ṣeré, tí ó wá ń ronú pìwà dà lórí àìsàn. Thomas ń dá obìnrin náà lóhùn bí ẹni pé ó wà láàyè ní tòótọ́. Àwọn òǹkàwé náà ń kọ̀wé wá. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ó sọ ọ́ di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó sì kà á sí ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Kí ni kí a pe èyí? Bí a bá fi ojú Pulitzer wò ó, ẹ̀tàn ni: olóòtú gbé àròsọ kalẹ̀ bí ìròyìn kí ìwé rẹ̀ lè tà. Bí a bá fi ojú oníṣòwò wò ó, ọgbọ́n ọjà pátápátá ni, nítorí pé ẹni tí ó ka ti ọ̀sẹ̀ yìí yóò ra ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ kò lè sọ pé inú wa kò dùn pé ó ṣẹlẹ̀. Èrò tiwa ni pé Thomas jẹ àwọn òǹkàwé rẹ̀ ní gbèsè òtítọ́, àti pé àwa ni a ń jẹ èrè rẹ̀. A kò rí bí a ṣe lè gba ọ̀kan kí a kọ èkejì.

Ẹni tí ó wá gba oyè lórí òwò kí ó tó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ akọ̀ròyìn ní *Daily Times* ní 1934, ó ti ṣòwò irè oko, ó ti fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́, gbèsè òwò sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn gidigidi rí. Ilé rẹ̀ ni ó jókòó sí tí ó fi ka ìwé tí ó fún un ní oyè B.Com. ti Yunifásítì London ní 1944, kí ó tó lọ kọ́ òfin. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 1949, ó gbé *Nigerian Tribune* jáde ní Ìbàdàn. Ó ṣì ń jáde títí di òní. Kò sí yunifásítì tí ó fún Awólọ́wọ̀ ní oyè aláwẹ́ méjì. Fúnra rẹ̀ ni ó wá awẹ́ méjèèjì kiri tí ó sì so wọ́n pọ̀.

Yunifásítì Tiwa

Nígbà tí Nnamdi Azikiwe, tí òun náà ti fi *West African Pilot* ṣòwò láti 1937, dá ilé-ẹ̀kọ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ní 1961, orúkọ Jackson, bàbá àti ọmọ, ni ó fi sọ ọ́. Orúkọ akọ̀wé-owó Blaize ni ó wà lára ilé náà. Yunifásítì Èkó, tí ó ṣílẹ̀kùn ní 1962, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òwò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka ìgbéròyìnjáde dé ní 1966. Ọgbà kan náà ni, ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọmọ tí ó bá wọ ọ̀kan kì í sábà yà sí èkejì.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwa náà ti bá wọn mọ ògiri yìí. A ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọmọ tí ó bá wọ kíláàsì kọ́mọ́ọ̀sì ni ó máa ń kọ́kọ́ ju Yorùbá nù, ọmọ tí ó bá sì fẹ́ràn Yorùbá ni ó máa ń sá fún Ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ni ìpolówó ọjà wà nínú lítíréṣọ̀ alohùn tí à ń kọ́ wọn! Bí olùkọ́ bá ti kọ́ ọmọ ní bí ẹlẹ́kọ ṣe ń fi ohùn àti àfiwé pe oníbàárà láti inú ilé, ó ti bẹ̀rẹ̀ oyè aláwẹ́ méjì pẹ̀lú ọmọ náà, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ohun tí ó kù ni pé kí ó bi í léèrè iye tí ẹlẹ́kọ náà jẹ lórí igbá kan.

Ní 1985, Àlàó Adédayọ̀ gbé *Aláròyé* jáde ní èdè Yorùbá. Kò dúró. Ó tún gbé e jáde ní 1990, kò dúró. Ó tún un ṣe ní 1994. Oṣù Keje 1996 ni ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá náà, èdè Yorùbá tí ó ń kọ kò yí padà.