Rú, ru àti rù: ọ̀rọ̀ kékeré, ìtumọ̀ rẹpẹtẹ

Lẹ́tà méjì péré ló wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe náà rú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe nínú èdè Yorùbá pọ̀ jọjọ. Bí ènìyàn bá ki ọ̀pá bọ odò, tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sì gòkè, a ó ní omi náà ti rú. Òdìkejì rẹ̀ ni kí omi tòrò.

Bí a ti ń sọ ọ́ nípa omi, bẹ́ẹ̀ náà là ń sọ ọ́ nípa ìlú. Ẹni tó bá da ìlú rú, adàlúrú ni. Rúkèrúdò pàápàá fi ìtumọ̀ ara rẹ̀ hàn: rú òkè, rú odò, kò ku ibi kan tó fara rọ. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé ni a máa rú ni lójú. Ẹni tó bá ṣe ohun tí òfin kọ̀ ti rú òfin, arúfin sì ni. Agbófinró, ìyẹn ẹni tó ń gbé òfin ró, ni yóò wá a kàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rú ló burú. Igi tó wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa rúwé bí òjò bá dé. Èéfín a máa rú jáde láti inú ààrò. A ń rú ẹbọ, a sì ń sọ nípa ẹni tó kú nítorí ìlú rẹ̀ pé ó fi ẹ̀mí rúbọ. Nínú ilé ìdáná ẹ̀wẹ̀, rú kò níṣẹ́ níbẹ̀: a ń ro àmàlà ni, a sì ń po ẹ̀kọ.

Bí a bá yí ohùn padà, ìtumọ̀ yí padà nìyẹn. Rù, tó ní ohùn ìsàlẹ̀, ni kí a gbé nǹkan lé orí, tàbí kí ènìyàn gbẹ, kí ó fọn. Ru, tó ní ohùn àárín, ni ti omi òkun tó ń ru gùdù, òun náà ló sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn tó ń ṣekú pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ó ń ṣe àwọn. Ẹ kọ ẹbọ rírú, ẹrù rírù àti ẹ̀jẹ̀ ríru láìfi àmì sí i, kí ẹ wá wò ó bí ọ̀kan ṣe yàtọ̀ sí èkejì.

Àṣìlò ọ̀rọ̀ náà tún ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìwọ́de ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn sí ọlọ́pàá SARS ń ṣe. Lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà yìnbọn ní Lẹ́kí lálẹ́ ogúnjọ́ oṣù náà ni ọ̀pọ̀ ilé jóná káàkiri Èkó. Ẹni tó bá pe gbogbo rẹ̀ ní rúkèrúdò ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ ọ: ó ti sọ ẹni tó gbé páálí àti ẹni tó sọ iná sílé di ọ̀kan náà. Ìwọ́de kì í ṣe rúkèrúdò, bí a bá tilẹ̀ rí èyí tó parí síbẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó kọ ọ́ pé ìlú rú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ki ọ̀pá bọ odò.